Ìbéèrè Yín Lórí Páàtì: Ó Wọ Ihò Nọ́ọ̀tì, Ṣé Yóò Ṣiṣẹ́?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Páàtì ọ̀kadà ti gbówó lórí, ojúlówó ń wọ́n lọ́jà, oníṣòwò kan á wá wò yín lójú, á ní, "Ẹ gba ti irú kejì yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n." Ẹ wá ń bi mí bóyá òótọ́ ni. Èmi tí mò ń ta páàtì ní Láfẹ́nwá, tí ọkọ mi ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ohun méjì ni mo kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà: iṣẹ́ wo ni páàtì yìí ń ṣe, kí ló sì ń bá a ṣe é? Ẹni tó bá lè dá mi lóhùn lórí méjèèjì kì í sábà ra ìrànù.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà níwájú gbogbo wa ní Abẹ́òkúta. Ojú irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́nwá kọjá, mìlímítà 1,067 ni àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Èyí tuntun tó gba Ládérìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 2021, mìlímítà 1,435 ni tirẹ̀. Rélùwéè ni méjèèjì, irin ni méjèèjì, ìlú kan náà ni wọ́n gbà kọjá, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti àkọ́kọ́ kò lè tẹ orí ìkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ká wá máa bọ́ sórí lẹ́tà.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì Onípáàtì, ẹ kú ọjà o. Láti Ọbáńtókò dé Kútọ̀ ni mo ń ná, mo máa ń gbé èrò, mo sì máa ń gbé ẹrù ọjà. Tí mo bá ti kan òkè pẹ̀lú ẹrù, ọ̀kadà mi kì í fẹ́ lọ mọ́, àfi kí n já a sí jíà kìíní. Sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú mi, irin eléyín tí ṣéènì ń gùn, ní eyín 14, ti ẹ̀yìn ní 42. Ẹnì kan fẹ́ ta ti ẹ̀yìn ọ̀kadà irú míì fún mi, eyín 45 ló ní. Ó ní ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ṣéènì, pé kí n ṣáà gbé e sí i. Ṣé kí n rà á? (Ọlọ́kadà, Ọbáńtókò)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ohun tó o ń rò mọ́gbọ́n dání. Òkè ìlú wa yìí kò ṣe é fojú di, ẹni tó bá ti ru ẹrù gòkè Ìtòkú rí mọ ohun tí mò ń wí. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí iwájú bá ní eyín 14 tí ẹ̀yìn ní 42, iwájú gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ̀yìn bá di 45, ìyípo iwájú á di 3.21. Agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ táyà á fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, òun ni wàá fi gun òkè. Ṣùgbọ́n ibi tí agbára ti wá náà ni eré ń gbà lọ. Níbi tí ẹ̀rọ rẹ bá ti ń ké, tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, 56 ni yóò máa sá. Ká ní títì Ṣàgámù lo ń ná lójoojúmọ́ ni, n kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ọbáńtókò sí Kútọ̀, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan dín kù.

Kó o tó sanwó, wo iwájú ná. Bó o bá fi eyín 13 rọ́pò 14 níwájú, tó o fi 42 ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà, ìṣirò rẹ̀ á jẹ́ 3.23. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti 45 yẹn dọ́gba! Sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú kéré, owó rẹ̀ kò tó ti ẹ̀yìn, wàá sì rí èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọ̀kadà rẹ gan-an. Ohun tó o máa fara mọ́ ni pé ṣéènì á máa ká lójú ibi tó kéré, á sì tètè jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé 45 náà lọkàn rẹ ṣì fẹ́, tú ti àtijọ́ sílẹ̀, gbé e lé orí tuntun, kó o sì wo ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ihò ńlá àárín tó ń jókòó lé họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ táyà. Kò gbọ̀dọ̀ sí àyè kankan láàárín òun àti họ́ọ̀bù, torí òun ló ń mú kí sípírókẹ́ẹ̀tì yí po láìfì. Nọ́ọ̀tì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Èkejì, ihò nọ́ọ̀tì, iye wọn àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Mo ti rí i tí wọ́n fi fáìlì ha ihò títí tó fi di gígùn bí ojú ewúrẹ́ kí nọ́ọ̀tì lè wọ̀ ọ́. Irú sípírókẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ á máa yẹ̀ lórí họ́ọ̀bù nígbàkigbà tó o bá tẹ iná, ọjọ́ kan ni yóò sì gé nọ́ọ̀tì dànù. Ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn kì í wò: sípírókẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ pẹrẹsẹ, òmíràn tẹ̀ wọnú díẹ̀. Bí ti tuntun kò bá tẹ̀ bíi ti àtijọ́, ṣéènì kò ní tọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Gbé irin gígùn tó tọ́ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wàá rí i kíákíá. Bí kò bá tọ́, ẹ̀gbẹ́ kan eyín ni yóò máa jẹ, ṣéènì á sì máa fò kúrò.

Ní ti pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ṣéènì, irọ́ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àlàfo láti píìnì kan dé ìkejì: 4 túmọ̀ sí ìdajì ínṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7, nígbà tí 5 jẹ́ mìlímítà 15.875. Nọ́ńbà méjì tó kù ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ṣéènì 420 àti 428 ní àlàfo kan náà, àmọ́ inú 420 fẹ̀ tó mìlímítà 6.35, ti 428 sì tó 7.94. Torí ẹ̀ ni ṣéènì 428 ṣe ń wọ sípírókẹ́ẹ̀tì 420 wọ́ọ́rọ́wọ́, táwọn kan á sì rò pé ó bá a mu. Kò bá a mu. Á máa mì sọ́tùn-ún sósì, á sì jẹ eyín náà run. Ti 420 ní tirẹ̀ kò ní wọ sípírókẹ́ẹ̀tì 428 rárá. Ka nọ́ńbà ṣéènì rẹ, kó o sì béèrè nọ́ńbà tí wọ́n ṣe sípírókẹ́ẹ̀tì yẹn fún. Eyín mẹ́ta tó lé yẹn tún lè mú kí ṣéènì rẹ kúrú jù, nítorí náà wo bóyá àyè ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń fa táyà ẹ̀yìn. Má fi ṣéènì tó ti gùn sórí sípírókẹ́ẹ̀tì tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Plọ́ọ̀gì D8EA ni wọ́n kọ pé kí n lò. Ní Pánṣẹ́kẹ wọ́n fún mi ní D8HA, ó sì wọlé dáadáa. Ṣé kò sí ewu? (Òǹkàwé, Òkè-Ìlẹ́wọ́)

ÌDÁHÙN: Ó wọlé torí pé D ń sọ fífẹ̀ ibi tí wọ́n ń yí wọlé, mìlímítà 12, èyí tí àwọn méjèèjì jọ ní. Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà ni ìyàtọ̀ wà. Lórí plọ́ọ̀gì ilé iṣẹ́ NGK, E jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó mìlímítà 19, H sì jẹ́ 12.7. Ẹ̀yí tó wà lára ọ̀kadà yín báyìí kò dé inú. Iná ń tàn láti inú ihò, èéfín á sì máa dì sí ojú ìyí tó ṣófo nísàlẹ̀, débi pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá ojúlówó padà, yóò ya ojú ìyí orí ẹ̀rọ. Ẹ tú u lónìí. Èyí tó burú jù ni òdìkejì rẹ̀, kéèyàn fi èyí tó gùn sínú ẹ̀rọ tó ń lo kúkúrú, torí pístìnì lè gbá a. Nọ́ńbà 8 yẹn, ti ooru ni: lórí NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni plọ́ọ̀gì ṣe tutù tó. Lórí Bosch, òdìkejì rẹ̀ ni, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wá ti ìkejì.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ìbarà ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Quebec ní Kánádà, ó ra ògbólógbòó alùpùpù orí yìnyín, èyí tí wọ́n ń pè ní snowmobile. Ó ti rí ski iwájú tí ilé iṣẹ́ míì ṣe, ó rí track tí wọ́n kọ 137 sí lára nígbà tí tirẹ̀ jẹ́ 136, ó sì tún rí klọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tú lára irú míì. Owó gbogbo rẹ̀ dín kù gidigidi. Ó ní, "Bàbá, ínṣì kan péré ni ìyàtọ̀." Ẹ bá mi dá a lóhùn. (Olùkọ́ àtijọ́, Ìbarà)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Àbúrò mi ọkùnrin ń tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe lọ́hùn-ún, páàtì sì ni a máa ń jíròrò lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń ṣú mọ́ mi lọ́wọ́. Fún àwọn tí kò rí i rí: ski méjì ló wà níwájú níbi tí táyà ì bá wà, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan tó ní eyín, tí wọ́n ń pè ní track, ló sì ń yí lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń tì í lọ. Ọmọ yín ò sì jìnnà sí orírun rẹ̀. Ní Valcourt, ní Quebec kan náà, ni Joseph-Armand Bombardier ti ṣe Ski-Doo, tó gbé e jáde fún títà lọ́dún 1959.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú track, torí níbẹ̀ ni ọmọ yín ti fẹ́ fowó ṣòfò. Ínṣì kan yẹn lè má jẹ́ ínṣì kan. Lábẹ́ ẹ̀rọ náà, àwọn sípírókẹ́ẹ̀tì oníke wà lórí ṣáàfù, àwọn ló ń wa track. Eyín wọn ń wọ inú àlàfo tó wà láàárín igi track kan sí èkejì, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó dábùú rẹ̀. Àlàfo yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà lára gbogbo ẹ̀rọ: ti àwọn kan jẹ́ ínṣì 2.52, ti àwọn mìíràn 2.86, òmíràn sì tún jẹ́ 3. Ẹ wá gba ìṣirò yìí. Àlàfo 54 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.52 á fún yín ní ínṣì 136.08. Àlàfo 48 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.86 á fún yín ní 137.28. Ṣé ẹ rí i báyìí? Bí 136 tirẹ̀ bá jẹ́ ti àlàfo 2.52, tí 137 tí wọ́n fẹ́ tà fún un sì jẹ́ ti 2.86, eyín sípírókẹ́ẹ̀tì kò ní bá àlàfo pàdé mọ́. Ó lè yí díẹ̀ bí ó bá fọwọ́ yí i, àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ti fà á, eyín á máa gun orí igi, á fò, á sì ya track náà jẹ. Ohun tó sì mú kí ó ṣòro ni pé ilé iṣẹ́ kan lè kọ 137 sára èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 136.08. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tó ẹ̀rí.

Kí ó tẹ́ track náà sílẹ̀, kí ó ka àlàfo mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ara wọn, kí ó wọn gígùn wọn láti àárín igi àkọ́kọ́ dé àárín igi kọkànlá. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 25.2, ti 2.52 ni. Bí ó bá jẹ́ 28.6, ti 2.86 ni. Kí ó wá wọn tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí méjèèjì bá bára mu, kí ó wo fífẹ̀ track, lẹ́yìn náà kí ó wo bí eyín rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ga tó. Ẹni tó ń lo eyín ínṣì 1.25 tẹ́lẹ̀, tó wá fi ti ínṣì 2 sí i, lè rí i pé ó ń ha irin òkè tó bo track, tàbí kó tilẹ̀ gbá ibi tí omi ẹ̀rọ ti ń tutù níwájú. Kí ó gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sókè, kí ó fọwọ́ yí track yípo pátápátá kí ó tó tan iná. Bí àlàfo kò bá bára mu, ọ̀nà wà: kí ó pààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì oníke orí ṣáàfù sí èyí tó bá track tuntun mu. Ó gbọ́dọ̀ fi owó wọn kún iye track kó tó sọ pé ó pọ́ọ́kú, owó ìtúsílẹ̀ sì ńkọ́.

Ski rọrùn jù. Àwọn tó ń ṣe ski títà lọ́tọ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ohun ìsopọ̀ tó bá irú kọ̀ọ̀kan mu: bọ́ṣì, ṣípésà àti rọ́bà. Kí ó béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ tirẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Rọ́bà yẹn, kí ó má fojú kéré rẹ̀. Òun ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nínú ski, òun ló ń mú kí imú ski wo òkè díẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi èyí tí kò bá a mu sí i, imú lè kọrí sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá fò sókè, kí ó sì gún inú yìnyín nígbà tó bá ń balẹ̀. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni yóò fò kọjá iwájú. Àyè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣípésà ni kí ó fi dí i, kì í ṣe wáṣà tí wọ́n tò léra. Nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ fún, síbẹ̀ kí ski ṣì lè mì sókè sódò láìfì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá parí, kí ó wọn àlàfo àárín ski méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n lè tọ́.

Klọ́ọ̀ṣì ni kí ó ṣọ́ra fún jù. Ẹ̀rọ yìí kò ní jíà bíi ti ọ̀kadà wa. Pọ́ọ̀lì méjì ni, tí bẹ́líìtì kan so pọ̀, bíi ti àwọn scooter tí àwọn ọmọge ń gùn ní ìlú yìí. Pọ́ọ̀lì iwájú jókòó lórí ṣáàfù ẹ̀rọ, ó ní ẹrù irin wẹ́wẹ́ àti sípíríǹgì nínú. Bí eré ẹ̀rọ bá ṣe ń ga, ẹrù yẹn á máa fẹ̀ sóde, á tì ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀lì, bẹ́líìtì á sì gùn ún lọ sókè. Ìwọ̀n ẹrù àti líle sípíríǹgì ni wọ́n fi ń mú kí ẹ̀rọ wà ní eré tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Klọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tú lára irú míì ti ní ẹrù àti sípíríǹgì tí wọ́n tò fún ẹ̀rọ yẹn. Bí ẹrù bá fúyẹ́ jù, ẹ̀rọ ọmọ yín á máa ké kọjá ààlà. Bí ó bá wúwo jù, á máa rọ̀, kò ní lè dé ibi agbára rẹ̀. Èyí ṣì ṣe é tún ṣe, torí wọ́n ń ta ẹrù àti sípíríǹgì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tí kò ṣe é tún ṣe ni ojú ibi tí klọ́ọ̀ṣì ti wọ ṣáàfù. Ibẹ̀ tín-ín-rín lọ sí ẹnu, igun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá. Bí kò bá bára mu, etí kan ṣoṣo ló máa dì mú, á máa yọ̀, á sì ba orí ṣáàfù jẹ́. Kí ó fi máákà pa ara ṣáàfù, kí ó gbé klọ́ọ̀ṣì lé e, kí ó yí i díẹ̀, kí ó sì yọ ọ́: bí máákà bá parẹ́ jákèjádò, ó bá a mu. Bí ó bá parẹ́ níbì kan, kí ó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá wo nọ́ńbà bẹ́líìtì, fífẹ̀ rẹ̀ àti gígùn rẹ̀, àti bí pọ́ọ̀lì méjèèjì ṣe jìnnà síra. Ẹ bá mi sọ fún un, Bàbá, pé kò gbọ̀dọ̀ tan ẹ̀rọ náà tí ìbòrí klọ́ọ̀ṣì kò bá sí níbẹ̀, ì báà tiẹ̀ jẹ́ láti dán an wò. Bí klọ́ọ̀ṣì bá fọ́ lórí eré, irin rẹ̀ ń fò bí ọta.

Kò béèrè nípa sálẹ́ńsà, ṣùgbọ́n irú ẹni tó ń ra páàtì báyìí, ibẹ̀ ló kàn. Púpọ̀ nínú àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ yìí jẹ́ oní two-stroke (ẹ̀rọ tó ń jó epo ní gbogbo ìyípo kan), páìpù wọn kì í ṣe fún èéfín nìkan, ìrísí rẹ̀ wà lára ohun tó ń fún ẹ̀rọ lágbára. Bí ó bá fi ti irú míì sí i láìyí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, ihò tí epo ń gbà, padà, epo lè kéré sí atẹ́gùn. Atẹ́gùn òtútù kì, ó ń béèrè epo púpọ̀ ju ti ilẹ̀ ooru lọ. Ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ kéré máa ń gbóná títí pístìnì á fi yọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, búrékì oníṣúù ló wà níwájú ọ̀kadà mi. Mẹkáníkì mi ní díìsìkì àti kálípà tó ń di díìsìkì mú, tó tú lára ọ̀kadà irú míì, ó ní òun á jó irin kan mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì mi, òun á sì so kálípà mọ́ ọn. Másítà orí ọwọ́ tó ń ti òróró búrékì, òun á wá èyíkéyìí rà. Ọmọ méjì ni mò ń gbé lọ ilé ìwé láàárọ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? (Bàbá ọmọ méjì, Aṣerò)

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà fún un.

Apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì, àlùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n yọ́ sínú mọ́ọ̀dì ni. Kò rí bí irin tí wẹ́dà ń jó mọ́ géètì. Bí iná bá ti kàn án, ibẹ̀ á rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Nígbà tí ẹ bá sì tẹ búrékì iwájú, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìwúwo ọ̀kadà àti ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti rọ́ wá. Gbogbo agbára tó fẹ́ dá táyà dúró, ojú ibi tí wọ́n jó yẹn ló ń gbà á. Tó bá já, kálípà á yí wọ inú sípóòkù, táyà á dúró lẹ́ẹ̀kan náà. N kò fẹ́ ronú kan ọmọ tó jókòó síwájú.

"Másítà èyíkéyìí" tó sọ yẹn náà kò tọ́. Òróró búrékì ló ń gbé agbára ìka yín lọ bá kálípà, bí inú másítà sì ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu ohun tó máa dé ọ̀hún. Ká ní kálípà náà ń lo másítà tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12.7, tí ó wá ra ti 14. Ìyàtọ̀ mìlímítà kan àti díẹ̀ ni lójú. Ṣùgbọ́n ojú pístìnì lódindi ló ń ti òróró: 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196, 12.7 lọ́nà 12.7 jẹ́ nǹkan bí 161. Ẹ óò ní láti fi agbára tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún kún ti tẹ́lẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró síbi tó yẹ kó dúró. Bí ó bá sì ra èyí tó kéré jù, ọwọ́ búrékì á kan ọwọ́ ìdarí kí kálípà tó di díìsìkì mú. Bí ẹ bá wá ra másítà fún irú iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kò ní tà á fún yín.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Bí ọ̀kadà tó tú yẹn bá ṣì ní iwájú rẹ̀ lódindi, ẹ gba gbogbo rẹ̀ pọ̀: fọ́ọ̀kì méjèèjì, ààsù, táyà àti họ́ọ̀bù, díìsìkì, kálípà, páìpù òróró àti másítà tó bá a wá. Kí ó wọn ọ̀pá tó wọ ọrùn ọ̀kadà, gígùn rẹ̀ àti ìwọ̀n bẹ́ẹ̀rìn òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó wo bóyá ríìmù 17 ni méjèèjì tàbí 18, kí ó sì rí i pé gíga fọ́ọ̀kì kò yàtọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá bá a mu, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ra ṣúù tuntun tó dára, ẹ pààrọ̀ wáyà búrékì, kí ó fi sáńpépà ha inú ìlù tí ṣúù ń tẹ̀ kí ó sì nu ún gbẹ, kí ó fi gíríìsì díẹ̀ sí kámù tó ń ti ṣúù láìjẹ́ kó kan ṣúù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ búrékì oníṣúù tí wọ́n ń bú, wáyà tó ti gùn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ẹ bá sì gbé iwájú odindi yẹn sí i, òróró tí wọ́n kọ sórí ìdérí másítà ni kí ẹ lò, DOT 3 tàbí DOT 4. Òróró ẹ̀rọ á mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, búrékì á sì dì lójú ọ̀nà.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, mo ra CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná plọ́ọ̀gì, ti ọ̀kadà irú míì, ẹnu rẹ̀ wọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà mi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Plọ́ọ̀gì kò ta iná rárá. Ẹni tó tà á ní kóìlì mi ló kú, kí n wá ra ìyẹn náà. (Ọ̀dọ́ mẹkáníkì, Adátán)

ÌDÁHÙN: Má tíì ra kóìlì. Oríṣi CDI méjì ló wà lọ́jà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ike àti ẹnu wọn sì máa ń jọra. Ọ̀kan ń gba iná láti ara kóìlì míì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ, a ń pè é ní AC. Ìkejì ń gba fólítì 12 láti bátìrì, òun ni DC. Bó o bá fi ti AC síbi tí wáyà DC wà, ebi iná á máa pa á. Òdìkejì rẹ̀ lè jó o.

Yọ CDI náà kúrò. Tan kọ́kọ́rọ́, má tan ẹ̀rọ. Mú mítà iná rẹ, fi ẹsẹ̀ dúdú kan ara irin ọ̀kadà, kó o fi pupa wá inú ihò ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó o bá rí fólítì 12 nínú ọ̀kan, DC ni ọ̀kadà rẹ ń lò. Bí o kò bá rí i níbì kankan, tí bátìrì àti fíúsì sì dára, AC ni. Wá wo èyí tí wọ́n kọ sára CDI tó o rà. Bí kò bá sí ohun tí wọ́n kọ, bi ẹni tó tà á ní orúkọ ọ̀kadà tí wọ́n tú u lára rẹ̀, kó o sì wo wáyà tiẹ̀.

Bí irú méjèèjì bá tilẹ̀ bára mu, tí plọ́ọ̀gì ta iná, gbọ́ ohùn ẹ̀rọ dáadáa. CDI ló ń sọ ìgbà tí iná máa tàn kí pístìnì tó dé òkè. Ti ẹ̀rọ míì lè tètè tàn jù, wàá gbọ́ ọ bí ẹni ń fi òkò lu irin nínú ẹ̀rọ nígbà tó o bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Bó o bá ti gbọ́ ìyẹn, tú u kúrò lọ́jọ́ náà. Má sì gé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì oníbàárà rẹ láti fi so wáyà lọ́nà míì. Mú ti àtijọ́ tó jó dání lọ sọ́jà, kódà bó bá ti fọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ la máa fi wá ojúgbà rẹ̀.